Mo Lọ Pe Rájí ní Mẹ́kà

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni ọ̀hún ṣe rí. Ẹ bi mí ní mọ́ṣáláṣí, ẹ bi mí lọ́nà oko. Ẹnì kan tilẹ̀ dá mi dúró níbi tí mo ti ń wá ẹ̀yìnkùlé tí n ó ti tọ̀, ó ní kí n kọ́kọ́ sọ bí Káábà ṣe ga tó. Mo wá ní kí n jókòó, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnu mi lè sinmi. Àmọ́ ẹ má retí pé n ó máa ka ilé gíga fún yín. Ìrìn àjò yìí ní ẹni tó ni ín, kì í sì í ṣe èmi.

Ẹni tó rán mi

Ẹ mọ Ìyá Rájí. Ìyá arúgbó tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ni. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń kí, á sì tún wo ẹ̀yìn ẹni náà bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀.

Rájí ọmọ rẹ̀ àti èmi, ọjọ́ kan náà la wọṣẹ́ sójà nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Inú kòtò kan náà la ti jagun. Rájí kú síbẹ̀, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi sin ín. Nígbà tí ogun parí tí mo dé Ìwó, Ìyá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀yìn mi. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Kàrímù, má sọ nǹkan kan. Wọlé wá jẹun. Bí ti Rájí bá yá, òun náà á dé."

Ó lé ní ogójì ọdún tó ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbàkigbà tí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, á ní kí n wo bí òjò ṣe ṣú. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe fìdáù fún ọmọ náà. Ó ní ẹni tí òun ò rí òkú rẹ̀, òun ò ní jẹ sàráà rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé mo ti lọ sí Háájì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ìyá gbọ́ pé mo tún fẹ́ lọ ṣe ùmúrà, Háájì kékeré, ó ránṣẹ́ pè mí.

"Kàrímù, wọ́n ní ẹni tó bá sọnù, tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ níwájú Káábà, ọkàn rẹ̀ á fà sílé."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, Ìyá."

"Bá mi pe Rájí. Pè é kó gbọ́. Má fi ohùn ẹni tó ń ṣojo pè é."

Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi yàtọ̀. Mo ti pinnu pé n ó ṣe ùmúrà kan fún Rájí, irú èyí tí a ń ṣe fún ẹni tó ti kú. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Mi ò lè ṣe ùmúrà òkú fún ọkùnrin kan, kí n tún dúró níbẹ̀ kí n máa pè é pé kó wá sílé. Iṣẹ́ méjèèjì ni mo gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀kan sì ń sọ èkejì di irọ́.

Jẹ́dà

Ooru Jẹ́dà, omi wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe jáde, ooru náà bo dígí ojú mi bí ìrì, tí mi ò rí Bàṣírù ọmọ àbúrò mi títí ó fi dì mọ́ mi. Ẹ mọ Bàṣírù, ẹnjiníà ni, ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ó ti pẹ́. Tààrà ló gbé mi lọ sí Mẹ́kà, mo ṣe ùmúrà tèmi, ó sì gbé mi padà sílé rẹ̀ ní Jẹ́dà kí n lè sinmi.

Àwọn ará ibẹ̀ mọ èèyàn kí. Bí o bá wọ inú ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè, ẹni tó bá ọ níbẹ̀ á sálámà, bí ẹ ò tiẹ̀ ní ríra mọ́ láéláé. Búrẹ́dì tí wọ́n ń jẹ fẹ̀ bí ọpọ́n, inú ààrò ni wọ́n ti ń fà á yọ. Ọkùnrin ará Afiganístánì kan ló ń ṣe é ní ìsàlẹ̀ ilé Bàṣírù, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun dé àyà. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo rí irùngbọ̀n yẹn, mo ní àgbà nìyí. Bí a ṣe kọ́ mi nílé, mo tẹ̀ ba, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Áà, bàbá náà ju ìyẹ̀fun sílẹ̀, ó sáré yí tábìlì rẹ̀ ká, ó gbá mi lápá méjèèjì, ó ń ké "Lá, lá, yà háájì!" bí ẹni pé mo fẹ́ bọ́ sínú ààrò. Bàṣírù ní, "Bàbá, ẹ dìde. Ó ní Ọlọ́run nìkan la ń tẹ̀ ba fún." Mo ní, "Ṣé kí n wá kí i ní òòró bí ọmọ tí kò nílé ni?" Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti rí mi lókèèrè, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé àyà, kí n má baà tún dán an wò. Kò sì gbowó búrẹ́dì lọ́wọ́ mi mọ́.

Ọjọ́ kan ọ̀gá Bàṣírù, tí í ṣe Lárúbáwá, pè wá jẹun. Ìrẹsì wà nínú àwo ńlá kan, ẹran àgùntàn jókòó lé e lórí, gbogbo wa yí i ká. Ọkùnrin náà ń ya ẹran tó dára jù sí iwájú mi. Èmi náà, nítorí kí wọ́n má pè mí ní wọ̀bìà, mo ń tì í padà síwájú rẹ̀. Ó tì í, mo tì í. Ẹran náà rìnrìn àjò ju èmi lọ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó yá ó bú sẹ́rìn-ín, ó ya á sí méjì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ìdajì sí mi lẹ́nu. Mo jẹ ẹ́. Kí ni n bá ṣe?

Ṣùgbọ́n àjèjì, àjèjì ni. Ní Ìwó, ẹni tó bá gbọ́ ìró bàtà mi ti mọ ilé tí mo ti ń bọ̀. Níbẹ̀, háájì ni gbogbo ayé ń pè mí, wọn ò sì bèèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Híbà, ọmọ Bàṣírù tí wọ́n bí síbẹ̀, pàápàá, bí mo bá bá a sọ Yorùbá, Lárúbáwá ni á fi dá mi lóhùn. A kàn ń rẹ́rìn-ín síra wa ni.

Inú kòtò

Rọ̀fíátù, ìyàwó Bàṣírù, ní ọ̀rẹ́ kan, nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Dúpẹ́ lorúkọ rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni, òun àti àwọn mélòó kan máa ń gbàdúrà nínú ilé ara wọn láìpariwo. Ó gbé mọ́ínmọ́ín wá kí mi, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí ẹsẹ̀ mi.

"Bàbá, kí ló ṣe ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín?"

Mo ní, "Omi ni."

"Omi kì í jẹ ẹsẹ̀ báyìí o."

"Omi kòtò ogun ń jẹ ẹ́," ni mo wí, mo sì sọ fún wọn.

Kòtò wa gùn bí òpópó. Ó jìn dé ìwọ̀n tí orí mi kò fi hàn síta, ṣùgbọ́n Rájí ga, dandan ni kó máa bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń sọ pé Ọlọ́run ti mọ̀ pé ogun ń bọ̀ ló fi dá mi ní kúkúrú. Òjò ilẹ̀ yẹn kì í dá. Omi dé orúnkún wa, omi pupa bí epo, akoto orí wa la fi ń gbọ́n ọn dà síta, a ó gbọ́n títí, kò ní tán. Bàtà wa kì í gbẹ. Awọ ẹsẹ̀ ń bó bí èèpo iṣu sísè. Bí a bá fẹ́ sùn, a ó fẹ̀yìn ti ara wa ní ìjókòó, bí ọ̀kan bá yẹ̀, èkejì á ṣubú.

Ibẹ̀ ni Rájí ti kọ́lé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn gbẹ́ ihò sára ògiri kòtò, ó to ọṣẹ sí i, ó to dígí kékeré kan sí i, àti ife tí a fi ń ṣe àlùwàlá. Ó ní pálọ̀ òun nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ti ìhà kejì kòtò bọ̀ gbọ́dọ̀ kágò. Bí kò bá kágò, Rájí á ní kó padà sẹ́yìn kó tún un ṣe. Kọ́pùrù wa, ọmọ Tífì tí kò gbọ́ Yorùbá kankan, á dúró nínú omi tó dé orúnkún, á ní, "Àgò o." Rájí á ní, "Àgò yà, ẹ máa wolẹ̀, ilé ò mọ́ púpọ̀." Lọ́jọ́ kan tí àdó olóró ń já lù wá, ọkùnrin kan sáré, ó fi orí já bọ́ sí àárín wa, ẹrẹ̀ bò ó lójú. Rájí wò ó, ó ní, "O ò mà kágò."

Dúpẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó wá nu ojú rẹ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

Mo ní, "Kò tíì pé ogún."

Mo sọ iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ rán mi fún wọn, mo sì sọ èyí tí mo ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ wá di àríyànjiyàn. Bàṣírù ní kí n ṣe ùmúrà fún òkú, kí n má sọ fún Ìyá, àdúrà ṣáà ni. Rọ̀fíátù ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin. Ìyá bẹ̀ yín níṣẹ́, ẹ jẹ́ ẹ bó ṣe rán yín. Arúgbó ni. Ẹ pe ọmọ rẹ̀, kó fi ìrètí kú."

Mo yíjú sí Dúpẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀sìn wa ò dọ́gba, mi ò ní dá sí i. Ṣùgbọ́n ní ọsibítù, bí èèyàn bá kú, àwa la máa ń sọ fún ìyá. A kì í rán ẹlòmíràn. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló yẹ kó sọ ọ́."

Mo ní, "Kò gbà mí láyè láti sọ ọ́."

Ó ní, "Ẹ ò tíì ti Mẹ́kà sọ ọ́ fún un rí."

Bahra

Bàṣírù ní kí a lọ bèèrè lọ́wọ́ Ààfáà kan tó mọ̀, ọmọ Ìlọrin tó ti ń gbé Mẹ́kà láti ìgbà èwe. A gba ọ̀nà Bahra, ìlú kékeré tó wà láàárín Jẹ́dà àti Mẹ́kà. Ilé ìtúnkọ̀ṣe àti ilé ìkẹ́rù ló pọ̀ níbẹ̀, eruku ibẹ̀ sì jọ ti ilé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi gbàgbé ibi tí mo wà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ọkùnrin kan ti ń ta wàrà ràkúnmí. Ojú wa ló fún un, ó ń hó, ó sì gbóná bí ara èèyàn. Mo gbé e mu. Ó dùn, ó ní iyọ̀ díẹ̀. Bàṣírù ní kí n rọra, pé ikùn àjèjì kì í gbà á. Mo ní ikùn tó gba gààrì tí a fi omi kòtò rẹ, kí ni ràkúnmí máa fi ṣe é? Ẹ jẹ́ kí n ṣòótọ́: a dúró lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé Mẹ́kà.

Misfalah

Misfalah ni Ààfáà ń gbé, ní gúúsù mọ́ṣáláṣí ńlá náà. Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú ilé àtijọ́ ibẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì àwọn onímẹ́kà ló kún un. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tẹ̀sùbáà la ti bá a. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, Yorùbá rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kankan. Ó ní ìrun Àsárì ti tó, kí a kọ́kọ́ lọ kí i.

Nígbà tí a kírun tán nínú mọ́ṣáláṣí ńlá náà, mo ti fẹ́ máa dìde. Ohùn kan tún jáde láti òkè, gbogbo èrò dìde dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ààfáà ní, "Àwọn òkú ni. Wọ́n ti gbé wọn wá síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe lẹ́yìn ìrun gbogbo níbí."

Mo ní, "Ta ni wọ́n?"

Ó ní, "Ta ló mọ̀? Gbé ọwọ́ sókè."

Ẹ̀yin ará ilé, èrò yẹn pọ̀ ju ohun tí n lè sọ. Ará Índíà ló wà lọ́tùn-ún mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dà bí ará Tọ́kì ló wà lósì. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ àwọn òkú náà nínú wa, gbogbo wa sì ń tọrọ àforíjì fún wọn bí ọmọ ìyá ẹni. Mo rántí pé èmi nìkan ló dúró ti Rájí, pẹ̀lú Kọ́pùrù Tífì tó ṣí akoto rẹ̀, tó ń gbàdúrà ti ìgbàgbọ́ tirẹ̀. Ìyá tó bí i kò tíì dúró tì í rí.

A padà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ro ẹjọ́ mi. Ààfáà gbọ́ ọ tán.

"Ìwọ lo sin ín?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀rí rẹ tó. Ùmúrà rẹ fún un dára. Ṣùgbọ́n bí o bá délé, tí ìyá bi ọ́ pé ṣé o pe ọmọ òun, kí lo máa wí?"

Mo tẹjú mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Wo bí o ṣe ń wo ilẹ̀. O fẹ́ tọrọ àforíjì fún ọmọ ní ìkọ̀kọ̀, kí o fi ìyá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó máa wò. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin, mi ò ní ka ìwé kankan fún ọ. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Ṣé ìyá ní fóònù?"

Fóònù

Sáúdátù, àbúrò Rájí tó ń tọ́jú Ìyá, ló gbé e. Ó fi sí etí Ìyá.

"Ìyá, Kàrímù ni."

"Ṣé o ti pè é?"

"Mi ò tíì pè é, Ìyá."

"Kí lo ń dúró dè? Ṣé èrò ló pọ̀ ni?"

Mo ní, "Ìyá, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n wo òjò."

Ó wá ní, "Kò sí òjò níbí. Oòrùn ń ràn. Sọ̀rọ̀."

"Rájí kú, Ìyá. Ojú mi ló ṣe."

Mo gbọ́ tí Sáúdátù ń sunkún. Mo gbọ́ tí Ìyá ní kó dákẹ́ kí òun lè gbọ́ràn.

"Kí ló ń ṣe lọ́wọ́?"

"Omi ló ń gbọ́n nínú kòtò. Láti òwúrọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá nàró láti na ẹ̀yìn rẹ̀, orí rẹ̀ sì yọ síta. Ọta bà á lọ́rùn. Kò pẹ́ rárá. Ó jókòó bí ẹni tó rẹ̀, ó fara tì mí."

"Ẹ̀yìn," ni Ìyá wí. "Ẹ̀yìn yẹn náà ni. Àtìgbà tó ti já bọ́ lórí igi àgbálùmọ̀. Gbogbo òrí tí mo fi pa á, kò lọ." Ó mí. "Ta ló pa á lójú dé?"

"Èmi ni."

"Ilẹ̀ tí ẹ tẹ́ ẹ sí, ṣé ó rọ̀?"

"Ó rọ̀, Ìyá. Ilẹ̀ pupa ni, òjò ti rọ̀ sí i."

"Ó dáa. Kò lè sùn lórí ilẹ̀ líle."

Ààfáà kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń to tẹ̀sùbáà tí ẹnikẹ́ni kò tú. Bàṣírù ti jáde.

Ìyá ní, "Lọ ṣe é fún un. Má kánjú. O máa ń kánjú bí o bá ń kírun, mo ti ń wò ọ́ tipẹ́."

Fún Rájí ọmọ Sàlámátù

Ẹ̀yìn ìlú Mẹ́kà, mọ́ṣáláṣí kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń wọ aṣọ funfun méjì tí a fi ń ṣe ùmúrà. Ibẹ̀ ni mo ti wọ̀ ọ́. Mo ní mo ṣe é fún Rájí, mo sì fi orúkọ ìyá rẹ̀ kún un, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní ilé wa, kí ó má baà ṣì sọ́dọ̀ Rájí mìíràn.

Mi ò kánjú. Bàṣírù fẹ́ gba kẹ̀kẹ́ arọ fún mi, mo kọ̀. Mo yí Káábà ká pẹ̀lú ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọ̀nyí. Èrò gbé mi, wọ́n tún gbé mi, ìyá arúgbó kan tí mi ò mọ ilẹ̀ tó ti wá di aṣọ mi mú láti ẹ̀yìn kó má baà ṣubú, mo jẹ́ kó dì í mú títí a fi parí. Nígbà tí mo rìn láàárín Sàfá àti Márúwà, ibi tí wọ́n ní kí ọkùnrin sáré díẹ̀, mo sáré. Ẹsẹ̀ Rájí gùn ju tèmi lọ, òun ì bá sáré jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé irun mi, ó parí. Mi ò pè é kó wá sílé. Mo ní kí Ọlọ́run bá mi tọ́jú rẹ̀ níbi tó wà.

Ilé

Nígbà tí mo dé Ìwó, Ìyá ti ní kí wọ́n ṣe fìdáù Rájí. Púpọ̀ nínú yín jẹ níbẹ̀, mo rí yín. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ lọ tán.

Ìyá pè mí wọlé. Ó ní kí n jókòó ti òun.

"Ikú rẹ̀ lo sọ fún mi lórí fóònù," ló wí. "O ò tíì sọ bó ṣe gbé níbẹ̀."

Mo sọ ti pálọ̀ fún un. Mo sọ ti Kọ́pùrù Tífì tó ń kágò nínú omi. Ó ń mi orí, ó ń ní, "Rájí ni, òun gan-an ni." Ó wá bi mí bóyá ó máa ń dárúkọ òun.

Mo ní, "Ìyá, gbogbo sójà tó wà nínú kòtò yẹn ló mọ ohùn yín. Láràárọ̀, bí tíì bá ti dé, ohùn yín ló fi ń pè wá. Á di imú mú díẹ̀, á ní, 'Rájí o, Rájí, ẹ̀kọ ti ń tutù.' Gbogbo wa á sì dáhùn, Haúsá, Tífì, Ìjọ, gbogbo wa, 'Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá, à ń bọ̀.'"

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín báyẹn láti ìgbà èwe wa.

"Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ṣe é kí n gbọ́."

Èmi àgbàlagbà, mo di imú mú, mo ṣe é.

"Irọ́ ni," ló wí. "Ohùn tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó gbé orí sókè, ó sì pe Rájí bó ṣe máa ń pè é. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló pè é. Sáúdátù sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó ń wo àwa méjèèjì.

Ìyá ní, "Kò sí nǹkan kan. Lọ bu oúnjẹ sí i fún Kàrímù. Ẹni tó ti irú ọ̀nà jíjìn yẹn dé, ẹ kàn jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ látàárọ̀."